Kí Ẹ Tó Sanwó Lórí Ìwé Ẹ̀rí Yín

 

Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, nígbà tí a ń kó àga jọ, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa obìnrin fà mí sí kọ̀rọ̀. Abbey Wood níbí ló ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni nílé, ó sì ti ṣe ọdún mọ́kànlá ní ilé ìwòsàn ìjọba kí ó tó wá bá ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe báyìí, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ó yọ ìwé kan jáde nínú fáìlì tó mọ́ tónítóní: ìwé UK ENIC, tó sọ pé dìgírì rẹ̀ bá ti ìlú yìí dọ́gba. Ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n ti gba ìwé mi láti ọdún tó kọjá. Kí ló wá dé tí wọn kò fún mi níṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí kì í ṣe òun nìkan. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn, mo ti rí i lọ́wọ́ onímọ̀ láàbù. Wọ́n sanwó, wọ́n dúró, ìwé dé, wọ́n sì rò pé ọ̀nà ti là.

Ẹ jẹ́ kí a là á dáadáa. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní: ipò wo ni dìgírì yín wà bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìlú yìí? Èkejì: ta ló fún yín láṣẹ láti gún aláìsàn lábẹ́rẹ́? Èkíní nìkan ni UK ENIC ń dáhùn. Àwọn náà la mọ̀ sí UK NARIC títí di oṣù kẹta 2021, kí orúkọ tó yí padà lẹ́yìn tí ìlú yìí kúrò nínú Àjọ Yúróòpù. Mi ò sọ pé ìwé wọn kò wúlò o. Yunifásítì ń bèèrè rẹ̀, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ mìíràn ń bèèrè rẹ̀, Home Office náà sì ń gbà á lórí ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àṣẹ iṣẹ́. Àṣẹ wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: NMC fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, GMC fún dókítà, GPhC fún apòògùn, HCPC fún onímọ̀ láàbù, àti Social Work England, tó gba iṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2019, fún àwọn social worker.

Ó dáa, èló ni ọ̀nà tòótọ́ ì bá ná àbúrò wa yìí? Akáǹtáǹtì ni mí, mi ò lè ṣàì rò ó. Ní 2024, £140 ni NMC ń gbà láti yẹ ìwé wò, £83 ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CBT, £794 ni OSCE, ìdánwò àfọwọ́ṣe tó jẹ́ pé ìlú yìí nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, £153 sì ni ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £1,170, láìka owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó pọ̀, àbí? Ẹ wá wo apá kejì. Ní ọdún 2024/25, Band 3, ibi tí ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní NHS wà, bẹ̀rẹ̀ láti £24,071 lọ́dún. Band 5, ibi tí nọ́ọ̀sì tó ní PIN ti ń bẹ̀rẹ̀, jẹ́ £29,970, kí wọ́n tó fi owó Lọ́ńdọ̀nù kún un. Ìyàtọ̀ ọdún kan ṣoṣo ju ìlọ́po márùn-ún owó ìdánwò yẹn lọ. Ọdún tó fi gbé ìwé UK ENIC jókòó, owó ló ń jò lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti èdè, Nàìjíríà kò sí nínú àwọn ìlú tí NMC kà sí ìlú elédè Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ́ gbogbo rẹ̀, tí wọ́n sì ń nà wá nílé ìwé bí a bá sọ Yorùbá. Nítorí náà, IELTS tàbí OET. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì 2023, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú níbí fún ó kéré tán ọdún kan, lè ní kí máníjà rẹ̀ jẹ́rìí sí Gẹ̀ẹ́sì tó ń sọ lẹ́nu iṣẹ́, bí máníjà náà bá wà lórí ìwé orúkọ NMC, tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì mìíràn sì fọwọ́ sí i. Mo bi àbúrò wa léèrè pé ta ni máníjà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni! Láti ọdún méjì ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò sì mọ̀ pé ẹlẹ́rìí òun ń jókòó síwájú òun.

Ibi tó ń pẹ́ jù ni ilé. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ti Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí fún NMC pé ẹni wọn ni yín. Ní oṣù kejì 2024, wọ́n gbé ìlànà tuntun jáde pé ẹni tí kò bá tíì ṣe ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì kò lè bèèrè ẹ̀rí yẹn, àti pé ẹ̀rí náà yóò gbà tó oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde fẹ̀hónú hàn ní Èkó àti Abuja. Ọdún méjì kò kan ẹni tó ti ṣe mọ́kànlá, àmọ́ oṣù mẹ́fà kan gbogbo wa. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ra ìwé IELTS rárá.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa máa ń sọ pé nígbà tiwọn kò rí báyìí. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n dá University College Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, dìgírì Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́, títí ó fi dá dúró ní 1962. Ní 1975 ni ìdánwò tí a wá mọ̀ sí PLAB bẹ̀rẹ̀ fún dókítà òkè òkun, àwọn ọmọ wa sì ń jókòó ṣe é títí di òní. Ẹ má sì rò pé àwa náà ń ṣílẹ̀kùn gbayawu. Nígbà tí ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn òwò ní Abuja ní oṣù kejì 2024, tí ìròyìn sì jáde pé lọ́yà Gẹ̀ẹ́sì yóò lè ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ lọ́yà wa, NBA, fárígá. Lọ́yà wa tó bá wà níbí, SQE ni tirẹ̀ láti 2021, ṣùgbọ́n wọn kì í ní kó tún ṣe ọdún méjì iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́.

Tíṣà ni kí ó gbọ́ èyí dáadáa. Láti oṣù kejì 2023, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní Nàìjíríà lè bèèrè QTS ní tààrà bó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè òkèèrè. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè náà. Síbẹ̀ mo mọ ẹni tó fún agbódegbà ní £300 kó tó bá a kọ fọ́ọ̀mù.

Ti iṣẹ́ tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Òfin ìlú yìí kò dáàbò bo orúkọ "accountant". Ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Chartered" àti iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ ni wọ́n ti pààlà sí. Ọmọ ẹgbẹ́ ICAN lè bá àwọn oníṣòwò Plumstead àti Thamesmead ṣe ìwé owó àti owó orí, ṣùgbọ́n bí kò bá sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan níbí, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC nítorí òfin owó àbòsí ti 2017. Ẹni tó bá sì fẹ́ ACCA, wọn yóò yọ̀ǹda àwọn ìwé ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ fún un, wọ́n á gba owó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìyọ̀ǹda fún ìpele ìkẹyìn.

Apòògùn ló le jù: ọdún kan ní yunifásítì, ọdún kan lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, kí ìdánwò tó kàn. Kí tọkọtaya jókòó ṣírò rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí owó oṣù ẹnì kan ni ilé yóò fi jẹun.

Àbúrò wa ti kọ̀wé sílé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, máníjà rẹ̀ sì ti gbà láti jẹ́rìí. Ẹni tó bá ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nílé, kí ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ kí a jọ wò ó, kí ó sì tó tún san kọ́bọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni. Èmi kì í gbowó o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀pà rà bọ̀, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún mi.