Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Nílé Láìfi Ìdọ̀tí Sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, mọ́tò tó ń kó gbágùúdá àti tòmátò wa lọ sọ́jà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì, tòmátò yóò jẹrà sínú agbọ̀n, owó àtúnṣe yóò sì kó èrè ọdún lọ. Ọ̀kan nínú wa rí irú rẹ̀. Ó gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ fún ẹnì kan lẹ́bàá ọ̀nà pé kí ó bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì. Onítọ̀hún da ọ́ìlì tuntun sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yọ fítà àtijọ́, kò sì dúró kí èyí tó wà nísàlẹ̀ ro tán. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn nígbà gbogbo, títí ọ̀gbẹ́ni wa fi ra odindi ẹ́ńjìnnì mìíràn. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọwọ́ ara wa ṣe é.

Kì í ṣe kí irin lè máa yọ̀ lórí irin nìkan ni ọ́ìlì wà fún. Òun ló ń gbé ooru kúrò lára béárìn, òun náà ló ń kó èédú àti ìdọ̀tí lọ sínú fítà. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí i pé ó ti dúdú. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tó burú ni kí ó pẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi ki bí ẹrẹ̀, tí yóò dí àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ìwé tó bá mọ́tò wá ló ń sọ ìgbà tí a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìwé bá ti sọnù, a máa ń ṣe tiwa ní kìlómítà 5,000, a sì máa ń tètè ṣe é nígbà ọyẹ́ nítorí eruku ọ̀nà oko.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì pa á. Ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ máa ń ṣàn dáadáa, ó sì ń kó ìdọ̀tí dání. Ṣùgbọ́n kó má gbóná débi tí yóò bó yín lọ́wọ́. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta há táyà. Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ nìyí: ẹ má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Jáàkì a máa yọ̀, búlọ́ọ̀kù náà a sì máa fọ́ lójijì lábẹ́ ẹrù. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò. Píkọ́ọ̀pù tó ga kò tilẹ̀ nílò jáàkì.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ gbé bàsíà tó gbà ju líta 5 lọ sábẹ́, kí ẹ fi sípánà olórùka tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ sí òsì. Púláyà yóò jẹ orí rẹ̀ ni. Bí ó bá kù díẹ̀ kó yọ, ẹ máa tì í sókè bí ẹ ti ń yí i, kí ẹ wá fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa wá nọ́ọ̀tì kiri nínú ọ́ìlì gbígbóná. Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ lọ jẹun. Ibí ni àwọn tó ń kánjú ti ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tó jáde dáadáa. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí irin bá ń dán wínníwínní nínú rẹ̀, béárìn lè máa jẹ. Ẹ pe mẹkáníìkì kí ẹ tó da tuntun sí i.

Bí ẹ bá tú fítà, ẹ rí i pé rọ́bà àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, nítorí bí rọ́bà bá di méjì, gbogbo ọ́ìlì yóò tú jáde. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà ti tuntun, kí ẹ fi ọwọ́ lásán fún un le. Ẹ fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ẹ dè é le níwọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 ń gba bíi líta 3.5 sí 4.5. 20W-50 ló bá ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ mu, àwọn tuntun ń fẹ́ èyí tó ṣàn jù bẹ́ẹ̀, dísù sì ní tirẹ̀. Ẹ yẹ ìdérí agolo wò kí ẹ tó rà á, torí àwọn kan ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù, wọ́n sì ń tà á bíi tuntun. Ẹ má rọ ọ́ kọjá àmì òkè lára gééjì. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò máa hó, kò sì ní dáàbò bo irin mọ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì: iná pupa gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ pa á kíá. Ẹ wo abẹ́ bóyá ó ń jò, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún fa gééjì wò.

Ọ́ìlì àlòkù ńkọ́? Ẹ má dà á sẹ́bàá kànga tàbí sínú oko. Líta kan ṣoṣo lè ba omi tó tó mílíọ̀nù líta jẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan ń fi pa ara ewúrẹ́ tó ń yún; májèlé ni, ẹ má ṣe é. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì tó mọ àwọn tó ń rà á. Kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn náà a máa ń kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sára páálí kékeré, a ó so ó mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti píkọ́ọ̀pù tí a sọ níṣàájú ti di páálí 6 báyìí.