Ọ̀kadà oníná: bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún, ọdún 2023, àwọn tó ń kó ọjà láti Mile 12 lọ sí Ajégúnlẹ̀ àti Kétu ti mọ bí owó epo ṣe ń jẹ èrè ẹni. Kò yani lẹ́nu bí oníṣòwò bá ń bèèrè nípa ọ̀kadà tó ń lo iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ọdún mélòó ni bátìrì rẹ̀ máa lò? Òun ni ọ̀kan lára ohun tó wọ́n jù níbẹ̀. Bó bá tètè gbó, owó epo tí ẹ rò pé ẹ ti fi pamọ́ ti bá a lọ nìyẹn.

Bátìrì kì í sábà ṣàdédé kú, agbára rẹ̀ ló máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bí tuntun bá ń rin kìlómítà 60 lórí ṣáájì kan, tí agbára rẹ̀ bá já wá sí ìdá 80 nínú 100, kìlómítà 48 ló kù. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń kà sí pé ó ti gbó. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè má gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan parí mọ́.

Bátìrì aláásíìdì, irú èyí tó wà nínú mọ́tò, sábà máa ń gba ṣáájì bíi ìgbà 300 sí 500. Irú lithium tí wọ́n ń pè ní LFP lè gbà á ní ìgbà 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ṣáájì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, á ṣáájì ní ìgbà 312 lọ́dún. Aláásíìdì lè má tó ọdún méjì. LFP lè lé ní ọdún mẹ́fà. Ọjà pọ́ọ́kú lè wá di ọ̀wọ́n.

Ooru máa ń gé ẹ̀mí bátìrì kúrú. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ nínú oòrùn, ẹ sì jẹ́ kó tutù ná lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹ kò bá ní í lo bátìrì lithium fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ẹ rántí omi odò Ògùn tó ya wọ ilé lọ́dún 2010 nígbà tí wọ́n tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀. Ibi gíga ni kẹ́ ẹ máa gbé e sí, torí lithium tí omi wọ̀ lè gbiná.

Ní Benin àti Tógò, ọ̀nà mìíràn ni ilé-iṣẹ́ Spiro gbà. Ọlọ́kadà kì í ra bátìrì. Ibùdó wọn ló ti ń pààrọ̀ èyí tó ti tán sí èyí tó kún, ó sì ń sanwó ìlò. Ilé-iṣẹ́ ló ru ẹrù gbígbó bátìrì. Àmọ́ bí ibùdó bá jìnnà, ọ̀kadà di ìjókòó.

Ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà akérò ní Kósọ̀fẹ́ láti ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí òfin gbà fún alùpùpù akẹ́rù. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: irú bátìrì wo ni, ìgbà mélòó ló lè gba ṣáájì kó tó já sí ìdá 80, ọdún mélòó ni gáráńtì rẹ̀, èló sì ni tuntun? Ẹ pín owó bátìrì tuntun sí iye oṣù tó máa lò, ẹ fi owó iná lé e, kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó epo tí ẹ ń ná lóṣù. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀.