Ọ̀nà Omi Àlòkù Láti Ìbàràpá Dé Etí Òkun

Omi àlòkù ni omi tí iṣẹ́ kan ti parí lára rẹ̀: omi tí a fi wẹ̀, èyí tí a fi fọṣọ, èyí tí a fi ṣan àwo, èyí tí ó ti ilé ìgbẹ́ wọ kòtò, àti èyí tí jáàkì fún jáde lára ẹ̀gẹ́ kí a tó yan gàrí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bá ń ṣírò omi ìlú, wọ́n a máa kà á sí pé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 omi tó wọ ilé lójúmọ́ ni yóò tún jáde ní omi ìdọ̀tí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ènìyàn ń mu tàbí tí oòrùn ń fà gbẹ. Lílò kò sọ omi di aláìsí. Ìdọ̀tí ló kó wọ inú rẹ̀. Bí a bá yọ ìdọ̀tí yẹn dé ìwọ̀n tí iṣẹ́ mìíràn béèrè fún, omi náà yóò tún wúlò. Ohun tí àtúnlò omi jẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe àjòjì nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ti máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí omi ìwẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Omi tí a fi fọṣọ ni a máa ń wọ́n sílẹ̀ kí eruku má baà sọ nígbà tí a bá ń gbálẹ̀. Àmọ́ agbo ilé kan tí ènìyàn ogún ń gbé lè ṣe èyí láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilé bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí gọ́tà ilé kan ń ṣàn wọ iwájú ilé kejì, ọgbọ́n ẹ̀yìn balùwẹ̀ nìkan kò lè gbé e mọ́. Ìlú ní láti jókòó, kó ṣètò.

Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìlú méje ni a mọ̀ mọ́ Ìbàràpá: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán. Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ so orúkọ rẹ̀ pàápàá mọ́ bàrà tí wọ́n ń gbìn. Òjò a máa rọ̀ dáadáa láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké á gbẹ, kànga á sì lọ sílẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Òkúta líle ni ó wà nísàlẹ̀, omi kò sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ àfi nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ àti nínú ibi tí òkúta náà bá ti sán. Ìdí nìyí tí kànga ẹ̀rọ kan fi lè máa tú omi jáde, tí èkejì tí wọ́n gbẹ́ ní ìtòsí rẹ̀ kò sì kan nǹkan kan.

Ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n ní oṣù márùn-ún nínú ọdún, ìnáwó ni dída omi nù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Ìbàràpá. Àwọn odò agbègbè yìí ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò Ògùn, àwọn kan gba ọ̀nà Òfìkì àti Ọ̀yán. Lórí odò Ọ̀yán, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n kọ́ ìdídò tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, tí ó lè gba omi tó kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 270. Lára iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tú omi sínú odò Ògùn fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Ilé iṣẹ́ omi Adíyàn ní Èkó ń fa omi lára odò yìí, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń fi kílórínì pa kòkòrò inú rẹ̀, kó tó rán an lọ sínú páìpù. Nítorí náà, omi tí wọ́n dà sínú gọ́tà ní òkè odò lè dé ẹnu ẹni tó ń gbé etí òkun. Kò sí ìlú tó dá nìkan ni odò.

Ohun tí Èkó fi ń kọ́ni

Èkó ni àpẹẹrẹ ìlú etí òkun tó dàgbà kọjá ètò omi ìdọ̀tí rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ sì sún mọ́ òkè. Púpọ̀ nínú àwọn ilé rẹ̀ ni kò ní páìpù ìdọ̀tí tó jáde lọ sí ilé ìtọ́jú. Sọ́kàwéè ni wọ́n gbẹ́. Nígbà tí sọ́kàwéè ilé kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ilé kejì nínú iyanrìn tó rọ̀, tí omi ilẹ̀ sì ga, kò sí ohun púpọ̀ tó ya méjèèjì nípá. Bí wọ́n bá sì ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù ní etí òkun, omi iyọ̀ á máa wọlé dí àyè omi dídùn. Láti padà gbẹ́ ọ̀nà páìpù sábẹ́ ilé tí wọ́n ti kọ́ jámọ́ra wọn gbówó lórí ju kí wọ́n ti là á sílẹ̀ kí ilé tó kún lọ.

Àǹfààní tí Igbó-Ọrà àti Èrúwà ní nìyí: àyè ṣì wà. Ilẹ̀ tí wọ́n lè yà sọ́tọ̀ fún adágún ìtọ́jú ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí omi yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣàn dé láìsí ẹ̀rọ tí yóò máa fà á.

Ẹ̀kọ́ sòbìà

Ìbàràpá ti sanwó ẹ̀kọ́ nípa ohun tí omi lè gbé lẹ́ẹ̀kan rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, sòbìà, àrùn aràn tí ń gba inú omi mímu ranni, jà gidigidi ní Ìdèrè. Ẹni tí aràn náà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wọ adágún lọ pọnmi. Aràn á tu ọmọ rẹ̀ sínú omi. Kòkòrò tíntìntín inú omi á gbé wọn mì. Ẹlòmíràn á mu omi náà. Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, aràn á yọ lára òun náà, kò sì ní lè lọ sóko lásìkò iṣẹ́ gan-an.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìbàràpá láti ọdún 1963, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà. Àwọn olùkọ́ni nípa ìlera láti yunifásítì náà bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ pọ̀: aṣọ asẹ́ dé àwọn ilé, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti inú abúlé fúnra wọn. Jákèjádò Nàìjíríà, iye ènìyàn tí sòbìà ń ṣe lé ní 650,000 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà wọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé ó ti kúrò nílẹ̀ yìí.

Àtọ̀sí ajá, tí wọ́n rí lára àwọn ọmọ ní àwọn abúlé àyíká ìdídò Ọ̀yán, ń rìn ní irú ọ̀nà kan náà: ìtọ̀ ẹni tó ní in á dé inú omi, ìgbín omi á gbà á, yóò sì tún gba awọ ara ẹni tó bá wọ odò wọlé. Òfin tí àrùn méjèèjì fi lélẹ̀ ṣe kedere. Ohun tó jáde lára ènìyàn kò gbọ̀dọ̀ padà dé ara ènìyàn láìsí ìdènà láàárín. Gbogbo ètò àtúnlò omi, bó ti wù kó tóbi tó, títo ìdènà sí ojú ọ̀nà ni.

Yíya omi nípá

Ìdènà àkọ́kọ́ wà nínú ilé: kí a má da oríṣiríṣi omi pọ̀. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ rọrùn láti tọ́jú. Ọṣẹ, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ara ló pọ̀ jù nínú wọn. Omi ilé ìgbẹ́ ló ń gbé àrùn onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ẹyin aràn. Ẹni tó bá da kóńgò kan omi ilé ìgbẹ́ sínú àgbá omi ìwẹ̀ ti sọ gbogbo àgbá náà di omi ilé ìgbẹ́.

Omi ẹ̀gẹ́ ni ẹ̀kẹta, òun sì ni ti Ìbàràpá gan-an. Ó lé ní ìdá 60 nínú 100 ara ẹ̀gẹ́ tútù tó jẹ́ omi. Nígbà tí wọ́n bá rin ín, tí wọ́n dì í sápò, tí wọ́n sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi funfun náà á jáde pẹ̀lú májèlé sáyánáìdì tó wà lára ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú kíkan àti pẹ̀lú sítáàṣì. Ibi tí ó bá ń dúró sí lójoojúmọ́, koríko á jó, òórùn á gbòde. Bí ó bá dé odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ sítáàṣì inú rẹ̀, wọ́n á sì lo afẹ́fẹ́ inú omi tán mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ọrọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ́ kí ó sílẹ̀ nínú agbada tàbí kòtò oníṣìmẹ́ǹtì, sítáàṣì á jókòó sísàlẹ̀, wọ́n á lè kó o tà. Bí omi náà bá dúró nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́, púpọ̀ nínú sáyánáìdì rẹ̀ á fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí wọ́n fi eérú tàbí ẹfun pa kíkan rẹ̀, yóò mú gáàsì jáde tí wọ́n lè fi dáná gàrí, igi ìdáná á sì dínkù. Ibùdó gàrí mẹ́wàá tó wà lójú kan lè ní táǹkì kan. Mẹ́wàá tó fọ́n káàkiri kò lè ní in. Ìdí nìyí tí pípín ilẹ̀ fún iṣẹ́ gàrí fi jẹ́ apá kan ètò omi.

Adágún, oòrùn àti àkókò

Ìlú tí iná mànàmáná kò dúró sójú kan kò gbọ̀dọ̀ gbé ìlera rẹ̀ lé ẹ̀rọ tó ń béèrè iná tọ̀sán tòru. Ọ̀nà tó bá irú ìlú bẹ́ẹ̀ mu ni adágún ìtọ́jú, irú èyí tí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní fún omi ìdọ̀tí ọgbà rẹ̀. Adágún àkọ́kọ́ jìn. Ibẹ̀ ni ohun tó wúwo ti ń rì, tí àwọn kòkòrò tí kò nílò afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́. Èkejì kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ewéko wẹ́wẹ́ tí ń sọ omi di àwọ̀ ewé ń pèsè afẹ́fẹ́ fún àwọn kòkòrò mìíràn láti jẹ ìyókù. Ẹ̀kẹta kò jìn rárá. Oòrùn ń wọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ń pa kòkòrò àrùn, ẹyin aràn sì ń rì. Ilẹ̀ ni owó ètò yìí, àkókò sì ni agbára rẹ̀: omi ní láti lo ọjọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa koríko etí rẹ̀ tì, ẹ̀fọn á sọ ọ́ di ilé.

Omi tó yẹ iṣẹ́

Kò pọn dandan kí gbogbo omi mọ́ dọ́gba. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi po sìmẹ́ǹtì kò nílò ìtọ́jú tí èyí tí wọ́n fẹ́ mu nílò. Ní Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà, wọ́n ti ń sọ omi ìdọ̀tí di omi mímu láti ọdún 1968, wọ́n sì ń dà á pọ̀ mọ́ omi mìíràn. Singapore, tí òkun yí ká, bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ ńlá ló sì ń lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ àti owó tí kò dáwọ́ dúró. Fún Ìbàràpá, oko ni ibi tó yẹ kí omi náà lọ.

Ní Accra, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń fi omi gọ́tà bomi rin oko wọn láìsí ìtọ́jú, nítorí òun ni omi tí wọ́n rí. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006 kò sọ pé kí wọ́n kàn lé irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò. Ó ní kí wọ́n to ìdènà léra wọn. Kí ẹyin aràn má ju ẹyọ kan lọ nínú lítà omi kan. Kí omi máa kán sí ẹsẹ̀ irúgbìn dípò kí wọ́n máa wọ́n ọn sórí ewé. Kí wọ́n dáwọ́ bíbomirin dúró ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kórè. Kí wọ́n fọ nǹkan oko dáadáa, kí wọ́n sè é. Àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi gẹdú àti koríko ẹran ló yẹ kó kọ́kọ́ jàǹfààní; ohun tí wọ́n ń jẹ ní tútù, bíi tòmátò, ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ìṣirò àti ètò

Kí a mú ìlú kan tí 100,000 ènìyàn ń gbé, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 50 lójúmọ́. Ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ lítà mílíọ̀nù mẹ́rin omi àlòkù lójoojúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, hẹ́kítà oko kan lè béèrè fún nǹkan bí lítà 50,000 lóòjọ́. Omi náà, bí ó bá dé oko tán, yóò tó nǹkan bí hẹ́kítà 80. Bí a bá yọ èyí tí oòrùn fà àti èyí tí kò dé adágún, yóò dínkù, ṣùgbọ́n oko gidi ṣì ni, ní oṣù tí ilẹ̀ yòókù ti gbẹ.

Ètò tó bójú mu ń tẹ̀lé ara wọn báyìí. A kọ́kọ́ ka ilé, ibùdó gàrí àti ilé ẹ̀kọ́, a sì wọn omi tí wọ́n ń dà nù. A ya àwòrán bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀. A gba ilẹ̀ adágún àti ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ni ín, níṣojú ọba àti ìjọba ìbílẹ̀, kí ilé tó gorí rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ti pọ̀ lójú kan: ọjà, ilé ìwòsàn, ibùdó gàrí, ọgbà Poli Èrúwà àti kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè máa ṣe àyẹ̀wò omi àti ilẹ̀. A yan ẹni tí yóò máa gbá adágún, a sì sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti máa wá, ìbáà jẹ́ lára owó tí àgbẹ̀ ń san fún omi tàbí lára owó ìgbálẹ̀ ọjà. Ètò tí kò bá dárúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́dún karùn-ún yóò dáwọ́ dúró.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní Ìbàràpá, ilẹ̀ tútù yẹn ni oko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ yóò bá odò Ògùn sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, kò sì ní mú àrùn Ìbàràpá dání.