Abẹ́rẹ́ Tí Kì í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì

Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún àbúrò mi obìnrin, ìkókó nìkan kọ́ ni ó gbé wálé. Páálí abẹ́rẹ́ kan bá a bọ̀. Ẹyọ kan ni kí ó máa gún sí awọ ikùn lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí Màmá wa rí i pé ojú abẹ́rẹ́ náà dúdú bí ibi tí a fi igi nà, wọ́n ní: "Ṣé ara tó ti ń yá ni wọ́n tún ní kí o máa gún?"

Enoxaparin ni orúkọ oògùn náà. Ara heparin ni wọ́n ti yọ ọ́, èyí tí Jay McLean, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Baltimore, ṣalábàápàdé nínú ẹ̀dọ̀ ajá ní ọdún 1916. Ẹ̀jẹ̀ wa ní ẹ̀ṣọ́ kan, antithrombin, tí ń káwọ́ àwọn èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀ṣọ́ yìí kì í kánjú. Bí oògùn náà bá lẹ̀ mọ́ ọn ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yá kánkán.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dènà kí òmíràn má dì, kí èyí tó wà má sì tóbi sí i. Ara fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ìbímọ léwu fún ẹ̀jẹ̀ dídì ju ìgbà oyún gan-an lọ. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó sì ń dun ìyá ọmọ, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, pàápàá bí èémí rẹ̀ bá ń há.

Dídúdú awọ náà kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù. A kàn gbọ́dọ̀ má ra ojú abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá ni ewu rẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ má ṣe fi àgúnmu tàbí ibuprofen kún un láìbi dókítà.

Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i lóde òní. Mùsùlùmí ni ọkọ àbúrò mi, ó sì béèrè. Dókítà ní fondaparinux wà, tí kò ní ohun ẹran nínú, ṣùgbọ́n tọkọtaya náà yan èyí tó wà nílẹ̀. Ó yẹ kí a ti sọ fún wọn kí wọ́n tó béèrè.

Láti ọjọ́ kẹrin, Màmá ni ó ń rán àbúrò mi létí. Agolo mílíìkì ńlá tó ní ìdérí ni wọ́n ń kó àwọn abẹ́rẹ́ tí ó ti lò sí, wọ́n sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.