Bàbà, Idẹ àti Èso Kòkó

Bàbà lásán pọ́n, ó sì rọ̀. Bí a bá yọ́ ọ, kì í ṣàn dáadáa nínú amọ̀. Nítorí náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ṣe ń pa á pọ̀ mọ́ sínkì kí ó lè di idẹ. Púpọ̀ nínú àwọn orí tí a hú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938, idẹ ni.

Ṣùgbọ́n ìwúlò bàbà tí ó kan olóko Ìsàn àti Ìkọ̀lé jù lọ kò sí lára ère. Nígbà òjò, èso kòkó a máa dúdú, a sì máa rà lórí igi. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn olóko àjàrà a máa wọ́n òkúta aláwọ̀ aró kan, tí a ń fi bàbà ṣe, pẹ̀lú ẹfun sára igi ẹ̀bá ọ̀nà, kí olè baà lè rò pé májèlé ni. Ní ọdún 1882, ọ̀jọ̀gbọ́n Millardet rí i pé igi wọ̀nyí kò ṣàìsàn bí ti àárín oko. Báyìí ni oògùn olè ṣe di oògùn igi, tí a sì ń fọ́n ọn sí kòkó pẹ̀lú.

Gíráàmù 100 òkúta náà àti gíráàmù 100 ẹfun sísun ni fún omi lítà 10. Kí a pín omi náà sí méjì. Kí a yọ́ òkúta náà nínú ìkòkò amọ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin Ìsàn ń mọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo garawa irin: omi náà yóò jẹ irin, bàbà inú rẹ̀ yóò sì lẹ̀ mọ́ garawa, oògùn a sì di aláìlágbára. Kí a po ẹfun lọ́tọ̀, kí a wá máa da omi aláwọ̀ aró náà sí i díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa rò ó. Kí a ti ọ̀bẹ irin mímọ́ bọ̀ ọ́; bí ó bá pọ́n, ẹfun kò tó. Ọjọ́ tí a po ó ni kí a lò ó tán. Èso tí ó ti dúdú kò ní yè mọ́. Kí a kọ́kọ́ ká a kúrò.

Ẹni tí ó bá gbé oògùn yìí mì yóò bì gidigidi, ó sì lè kú. Àgùntàn kò lè farada bàbà tó bí ewúrẹ́, nítorí náà kí a má ṣe jẹ́ kí ó jẹ koríko abẹ́ igi tí a fọ́n.

Nínú ilé pẹ̀lú, kí a má ṣe fi omi ògì kíkan sínú àwo bàbà tàbí ti idẹ. Bí àwo bá ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, kí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, kí a ṣàn án dáadáa, kí a sì nù ún gbẹ.