PCV Ọmọ Tuntun: Bí A Ṣe Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Yín àti Ohun Tí Nọ́ńbà Rẹ̀ Ń Sọ

Ìwé ìlàlóye fún ẹ̀yin òbí

Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n rúsúrúsú, bí ìwọ́ rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí bí oṣù rẹ̀ kò bá pé kí ẹ tó bí i, dókítà á ní kí wọ́n yẹ PCV rẹ̀ wò. Nígbà mìíràn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n á tún ní àwọn fẹ́ tún un yẹ̀ wò, nọ́ńbà kejì á sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan parọ́. Ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, àkókò tí wọ́n gbà á àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló sábà máa ń fa ìyàtọ̀ náà.

Kí là ń wọ̀n?

Hemoglobin ni èròjà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Òun ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. PCV ní tirẹ̀ ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀: bí ó bá jẹ́ 50, ìdajì ẹ̀jẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì pupa. Tí ẹ bá pín PCV sí ọ̀nà 3, ohun tí ẹ máa rí kò ní jìnnà sí iye hemoglobin. PCV 48 tó nǹkan bíi hemoglobin 16.

Ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé sábà máa ń ní hemoglobin 14 sí 20. PCV rẹ̀ á wà láàárín 45 sí 65. Ẹ má fi ti ìyá wé ti ọmọ o. Hemoglobin 12 dára lára ìyá, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ọmọ òòjọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Ibo la ti ń gba ẹ̀jẹ̀?

*Gìgísẹ̀.* Nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wé ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ló máa gún, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí eegun ò jìnnà níbẹ̀. Á nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, á sì jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tutù, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa, nọ́ńbà á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ń fún gìgísẹ̀ mọ́wọ́, omi ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á wálẹ̀.

*Iṣan.* Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ló ṣeé gbára lé jù. Ti gìgísẹ̀ sábà máa ń ga jù ú lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí PCV gìgísẹ̀ bá jẹ́ 68, a ó gba ti iṣan ká tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ki jù.

Àwọn ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n

1. Ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀. A ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, a ó dí ẹnu rẹ̀ kan, ẹ̀rọ á sì yí i bìrìbìrì fún ìṣẹ́jú 5. Pupa á sùn sísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ á léfòó. Bí omi náà bá pọ́n rúsúrúsú, òṣìṣẹ́ láàbù ti rí àmì ibà pọ́njú nìyẹn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó nílò iná.

2. Ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú, irú bíi HemoCue. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ti tó, èsì rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, ó sì lè lo bátìrì. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ike tí a fi gba ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà ò ní pé.

3. Ẹ̀rọ ńlá inú láàbù. Òun ló péye jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun pẹ̀lú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fẹ́ pọ̀ ju ti ìyókù lọ, èsì rẹ̀ sì lè pẹ́.

4. Ẹ̀rọ tí kì í gba ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ara kọjá. Ó dára fún ṣíṣọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ta ẹsẹ̀ tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó lè ṣìnà. Dókítà kì í torí rẹ̀ nìkan fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára.

Ìwé aláwọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe láti fi wọn hemoglobin kò bá ọmọ tuntun mu, nítorí 14 ló parí sí, ibẹ̀ sì ni ti ọmọ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Sahli náà kò dára fún un: ásíìdì ni wọ́n ń lò, ásíìdì kì í sì tètè ran hemoglobin tí ọmọ bá wá láti inú oyún.

Kí ló dé tí a fi ń tún un ṣe?

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà lára ọmọ lójijì, PCV rẹ̀ lè ṣì dára ní wákàtí àkọ́kọ́, torí pé pupa àti omi ló jọ dà nù. Ó di ìgbà tí omi ara bá rọ́pò èyí tó lọ kí àìtó ẹ̀jẹ̀ tó hàn. Ìdí nìyí tí a fi ń tún un yẹ̀ wò. Bí a bá sì ń tún un ṣe, ibi kan náà àti ẹ̀rọ kan náà ló yẹ ká lò, kí a lè fi àwọn èsì náà wé ara wọn.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ò ní tán?

Ẹ̀rù yín tọ́. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara ọmọ tó wọn kílò 3 kò ju nǹkan bíi mìlílítà 240 lọ; kò kún ìgò mínírà kan. Èyí tí PCV inú ọ̀pá gíláàsì ń gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlílítà kan. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù, nítorí àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ lè dín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù.

Ohun tí PCV kò lè sọ

PCV kì í sọ bóyá ọmọ jẹ́ AA, AS tàbí SS. Àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ ni ti jẹ́nótáìpù.

Bí ẹ bá délé

- Láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 12, hemoglobin ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 9 sí 11. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ẹ má fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí àgbo.
- Ẹ má fi kámfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn ọmọ kan jẹ́.
- Ẹ tọ́jú ìwé èsì. Ẹ béèrè pé: gìgísẹ̀ ni àbí iṣan? Ẹ̀rọ wo? Aago mélòó?
- Bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ bá funfun, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, bí kò bá fẹ́ mu ọyàn, tàbí bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.