Nọ́ḿbà Íntánẹ́ẹ̀tì: Ti Àtijọ́ àti Titun
Bí ojúlé ṣe ní nọ́ḿbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì ń lo nọ́ḿbà. Ètò àtijọ́, IPv4, ti 1981, kò ní tó bílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀. Àwa ènìyàn ayé sì ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Ní 2011, wọ́n pín èyí tó kù nínú àpò àgbáyé tán. Ètò titun, IPv6, tó jáde ní 1998, pọ̀ ju kíkà lọ. Ṣùgbọ́n méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Nítorí náà, kí a tó fi owó ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí a bi ọlọ́jà bóyá ó gbọ́ méjèèjì. Bí kò bá gbọ́ ọ, kí a fi owó wa sápò.